A Kì Í Ka Ọmọ fún Mérì

Ẹ má bi mí pé àwa mélòó là ń sùn nínú yàrá yẹn, nítorí n kò ní sọ. Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Mo mọ gbogbo wọn lórúkọ, mo mọ ẹni tó ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta, mo mọ ẹni tó máa ń na ẹsẹ̀ bọ ènìyàn lójú. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, àṣà yẹn sì le ní Abidjan ju bó ṣe le nílé lọ. Ohun tí mo lè fi yé yín ni pé bí ẹnì kan bá fẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ padà, ó ní láti kọ́kọ́ sọ fún àwa yòókù, ká lè jọ yí i pọ̀.

Ní Èjìgbò tí wọ́n bí mi sí, Abidjan kì í ṣe òkèèrè létí ẹnikẹ́ni. Kò sí agbo ilé tí kò ní ọmọ níbẹ̀. Bí wọ́n bá wálé ọdún, wọn á máa fi Faransé lé ewúrẹ́, wọn á máa sọ pé iná kì í kú níbẹ̀, pé títì ibẹ̀ ń dán. Kò sí ẹni tó sọ ibi tí wọ́n ń sùn sí fún mi, èmi náà ò sì béèrè. Mo ti kọ́ iṣẹ́ táìsì tán, ọwọ́ mi sì mọ́ nídìí rẹ̀. Mo rò ó pé ẹni tó ń tẹ́ ilẹ̀ fún ọlọ́rọ̀ kò ní ṣàìrí ilẹ̀ tí yóò fi ẹ̀yìn lé.

Treichville ni mo dé sí, apá ibi tí èèyàn ti ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú omi láti pọ́ọ̀tù, nínú irú ilé tí wọ́n ń pè ní kúù níbẹ̀: yàrá yí àgbàlá ká, ẹnu ọ̀nà kan, ẹ̀rọ omi kan, balùwẹ̀ kan, ṣáláńgá kan, gbogbo ayé nínú rẹ̀. Ìyá Àgbà ló gbà mí sílé. Àbúrò ìyá bàbá mi ni. Ọmọge ni wọ́n mú un wá fún ọkọ rẹ̀ ní Abidjan. Ọkọ ti kú, àwọn ọmọ ti gba ibòmíràn lọ, òun wà níbẹ̀ tó ń fi ẹ̀rọ ìránṣọ rán aṣọ funfun fún àwọn ará ìjọ aládùúrà tirẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ń dùn ún, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń ṣe ẹnu rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo dé, gbogbo kúù dìde, wọ́n ń sọ pé "Bonne arrivée." Mo bojú wẹ̀yìn, mo ń wá ẹni tó ń jẹ́ Bọ́nàrífé. Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní wọ́n ń kí mi káàbọ̀ ni. Lẹ́yìn náà ó wo báàgì mi, ó wo ilẹ̀ yàrá, ó ní, "Àlejò, gbé e kọ́ sókè. Ilẹ̀ ti tán."

Láti ọjọ́ náà ni Àlejò ti di orúkọ mi. Àwọn ọmọdé kúù ń pè mí bẹ́ẹ̀, ọkùnrin Dyula tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà náà ń pè mí bẹ́ẹ̀, ó rò pé orúkọ àbísọ mi ni.

Riviera ni iṣẹ́ wà. Láàárọ̀, èmi àti Káríìmù á wọ gbákà, ọkọ̀ èrò tí kì í kún lójú ẹni tó ń pe èrò sí i, a ó sọdá ọ̀sà. Ọmọ inú yàrá wa ni Káríìmù. Abidjan ni wọ́n bí i sí, ó ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Òun ló ń po sìmẹ́ǹtì fún mi, òun náà ló ń kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ ìgboro, kí wọ́n má baà tà mí lójú mi.

Ilé tí a ń tẹ́ táìsì sí tóbi débi pé mo ṣìnà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Karó ni wọ́n ń pe táìsì níbẹ̀. A tẹ́ karó sí yàrá onílé, sí ti ìyàwó rẹ̀, sí ti àwọn ọmọ, a wá kan yàrá kan tí kò ní fèrèsé. Mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá iṣẹ́ pé ta ni yóò máa sun ibẹ̀. Ó ní bàtà ni. Mo ní kó tún un sọ. Ó ní yàrá bàtà ni, àwọn bàtà ìyàwó onílé ni yóò máa gbé ibẹ̀. Káríìmù bá jókòó lórí àpò sìmẹ́ǹtì.

"Vieux père," ó wí fún mi, bí ọmọ Abidjan ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n, "bàtà ní chambre. Toi, o ò ní." Bàtà ní yàrá, ìwọ ò ní.

N kò mọ̀ nígbà náà pé ọ̀rọ̀ bàtà ò tíì tán lọ́rùn wa.

Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń pe ìyá mi. Ọmọbìnrin kan wà ní ìkóríta tó ní tábìlì, agboòrùn àti fóònù. Kabíìnì ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Èèyàn á máa sọ̀rọ̀, yóò máa wo aago, ọ̀rọ̀ á máa sáré lẹ́nu rẹ̀. Ìyá mi kì í béèrè ohun tí mo kó jọ. Ohun kan ṣoṣo ló máa ń bi mí: "Ṣé ibi tí o wà gbà ọ́?"

Mo ní, "Màámi, à ń gba ara wa."

"Kì í ṣe ohun tí mo bi ọ́ nìyẹn."

Mo ní àkókò ti ń tán, mo kí i pé ó dìgbà, mo sì dúró ti tábìlì ọmọbìnrin náà bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílẹ̀. Ó ń dùn mí, nítorí n kò mọ ìdáhùn. Lẹ́nu iṣẹ́, Ànàgó ni wọ́n ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo Yorùbá níbẹ̀. Nínú kúù, Àlejò ni mí. Bí mo bá sì pe Èjìgbò, ọmọdé tó bá gbé fóònù á ké sí ìyá mi pé ará Abidjan ń pè. Kò sí èyí tó burú nínú àwọn orúkọ wọ̀nyẹn, kò sì sí èyí tí mo lè na ẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Àsìkò náà tún jẹ́ àsìkò tí rédíò ń fi ojoojúmọ́ sọ ẹni tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ àti ẹni tí kì í ṣe, tí wọ́n ń dá gbákà dúró láti béèrè káàdì. Àjèjì kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka òun, ì báà mọ òwe àwọn àgbà, ì báà má mọ̀ ọ́n.

Bẹ́ẹ̀ ni òjò wó ògiri kúù kan ládùúgbò wa, ó sì dá apá ọkùnrin kan. Ìjọba ìbílẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní mérì, bá ní kí wọ́n yẹ gbogbo kúù àtijọ́ wò: ògiri, ṣáláńgá, àti iye èèyàn tó ń sùn nínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Kí n sọ òótọ́, wọn ò ṣẹ̀ wá. Ilẹ̀ balùwẹ̀ wa ti fọ́, omi ìdọ̀tí ń dúró síbẹ̀, ẹ̀fọn ti sọ ibẹ̀ di ilé ọmọ. Ọmọ ọwọ́ kan wà ní yàrá tó kọjú sí tiwa, bí òjò bá ti ń rọ̀ ló ń wúkọ́. Ibẹ̀ là ń gbé, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé kò dára.

Mademoiselle Aya ni mérì rán sí wa, ọmọbìnrin kan tó wọ bàtà òjò, tó mọ èèyàn kí. Ìyá nìkan ló wà nílé, àti èmi tí sìmẹ́ǹtì tán mọ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Aya béèrè lọ́wọ́ Ìyá pé àwọn mélòó ló ń sùn nínú yàrá.

"Ma fille," ni Ìyá wí, "on est là."

A wà níbẹ̀, ìyẹn ni. Aya ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n mélòó? Ìyá ní àwọn wà níbẹ̀, Ọlọ́run tóbi. Aya ní ṣé wọ́n pọ̀? Ìyá ní àwọn ò kéré lójú Ọlọ́run. Wọ́n fà á títí, Aya lọ sọ́tùn-ún, Ìyá lọ sósì, nígbà tó yá Ìyá bi í bóyá ó ti jẹun láti àárọ̀.

Ọjọ́rú sì ni. Lọ́jọ́rú, àwọn ará ìjọ Ìyá tó bá ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ. Ẹni tó bá ti wọ aṣọ funfun ìjọ náà kò gbọdọ̀ wọ bàtà mọ́. Nítorí náà, wọn á to bàtà wọn sí ẹnu ọ̀nà wa, wọn á fi ẹsẹ̀ lásán rìn dé ilé àdúrà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò. Bàtà ńlá, bàtà ọmọdé, bàtà gogoro, sálúbàtà, bàtà líle àwọn tó ń ru ẹrù ní pọ́ọ̀tù, wọ́n kún ibẹ̀ dé ìdí ẹ̀rọ omi. Mo rí Mademoiselle Aya tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń fi bírò tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì. Mo rò pé ọ̀kan nínú wọn wù ú ni. Mo tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n fi ọ̀dà pupa kun àgbélébùú sára ògiri wa, wọ́n sì mú ìwé wá. Káríìmù ló kà á. Nígbà tó kan iye èèyàn tí mérì ní ó ń sùn nínú yàrá Ìyá, Ìyá fi ọwọ́ di etí méjèèjì. Káríìmù ní bí wọ́n bá tilẹ̀ tò wá bíi sàdíìnì, ìdajì wa á ṣì wà lóde. A rẹ́rìn-ín, ó wá yé wa pé bàtà àwọn ará ìjọ ni Aya kà mọ́ wa bí èèyàn, a tún rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó ka ìyókù. Kí oṣù tó parí, kí a tún balùwẹ̀ ṣe, kí èèyàn dínkù, kí a sì sọ iye tó kù gan-an. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò ti kúù náà pa.

Ẹ̀rín tán lẹ́nu gbogbo wa. Ìyá wo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Inú yàrá yẹn ló ti bí gbogbo ọmọ rẹ̀, inú rẹ̀ ló ti ṣe opó, kò sì mọ ọ̀nà ibòmíràn ní Abidjan ju ti ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Èmi náà mọ ohun tí "kí èèyàn dínkù" túmọ̀ sí. Ẹni tó dé kẹ́yìn ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ sí mi létí, wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ fún mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìyẹn gan-an ló sì bà mí lẹ́rù.

Mo lọ bá ọ̀gá iṣẹ́. Ó ní kí n wá máa sun inú ilé tí à ń ṣe ní Riviera, kí n máa bá wọn ṣọ́ ẹrù. Nígbà tí mo ń já báàgì mi lórí ìkọ́, Ìyá ní, "Àlejò, o ò tíì jẹun." Mo ní mo ti yó. Irọ́ ni.

Ẹ wò ó, èmi ni mo wá ń yan yàrá. Mo kọ́kọ́ sun ti onílé, ó fẹ̀ jù, ohùn mi ń padà wá bá mi láti ara ògiri. Mo sún lọ sí ti àwọn ọmọ, ọ̀kan náà ni. Nígbẹ̀yìn, yàrá bàtà ni mo tẹ́ ẹní sí, torí òun ló há jù. Mo fẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ padà, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ yí o," kò sẹ́ni tó dáhùn. Ilé làbọ̀ ìsinmi oko, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò sọ pé ilé náà gbọ́dọ̀ fẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi tẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, ó ń dán, ó tutù, kò sì mọ̀ mí rí. Àárò wọn sọ mí débi pé mo ń wá ẹni tí yóò na ẹsẹ̀ bọ̀ mí lójú. Mo sunkún. Ẹ má sọ fún Káríìmù.

Káríìmù ló mú ìròyìn wá síbi iṣẹ́. Mademoiselle Aya ti padà wá, Ìyá sì ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ bàtà fún un. Ó ní ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lórí korobá. Ó ní inú kúù ni wọ́n bí òun náà sí, ní Adjamé, pé ìyá òun gan-an kì í ka ọmọ. Ṣùgbọ́n mérì kò gba ẹ̀rín, nọ́ńbà ni wọ́n fẹ́. Ohun tó ṣe fún wa ni pé ó rí yàrá kan tí onílé kúù wa tì pa, tó fi ń kó àga fífọ́ pamọ́ sí. Ó fi àṣẹ mérì mú un kó ṣí i, kó sì la fèrèsé sí i. Ó ní pẹ̀lú yàrá yẹn, mérì á fi kúù sílẹ̀, bí iye wa kò bá ti kọjá èyí tó sọ fún Káríìmù. Lọ́jọ́ Ẹtì ni yóò wá gba nọ́ńbà.

"La Vieille ò ní kà," Káríìmù wí; Ìyá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ nínú kúù. "On fait comment?" Báwo la ó ṣe ṣe é?

Mo wo karó tó ṣẹ́kù lẹ́bàá ògiri, àwọ̀ yìí díẹ̀, àwọ̀ yẹn díẹ̀. Ọ̀gá iṣẹ́ ní òun fẹ́ dà wọ́n nù ni, ká máa kó wọn lọ. Káríìmù ṣà wọ́n fúnra rẹ̀, ó ṣà á wò, ó tún un ṣà, iye tí mérì gbà láàyè gẹ́lẹ́, kò sì sọ ọ́ síta. Nínú gbákà, wọ́n ní karó gbọ́dọ̀ sanwó ìjókòó bí èèyàn. Káríìmù ní karó náà èèyàn ni wọ́n lóòótọ́.

A fọ́ ilẹ̀ balùwẹ̀ àtijọ́, a la ojú ọ̀nà fún omi, mo tẹ́ sìmẹ́ǹtì tútù. Ìyá ní kí wọ́n gbé àpótí ìjókòó òun wá sẹ́nu balùwẹ̀.

"A kì í ka ọmọ," ó wí. "Kò sẹ́ni tó ní ká má ka karó. Kí oníkálukú wá fi tirẹ̀ lélẹ̀."

Wọ́n wá. Àwọn ọmọdé ń jà sí èyí tó pupa. Ìyá ọmọ tó ń wúkọ́ fi tirẹ̀ lélẹ̀, ó di ọwọ́ ọmọ náà mú, ó fi í gbé ti ọmọ. Káríìmù tẹ́ tirẹ̀ ní wíwọ́, mo ní karó náà yóò máa wò ó bẹ́ẹ̀ títí ayé. Bí wọ́n ṣe ń fi í lélẹ̀ ni mò ń fi ìdí òòlù kàn án kó jókòó dáadáa. Èmi ò fi tèmi sílẹ̀, torí mo ti kó lọ, àlejò tó wá bá wọn ṣiṣẹ́ ni mí. Nígbà tí gbogbo wọn fi tán, ó ku karó kan, aláwọ̀ ojú ọ̀run, òun ló sì dára jù. Mo mọ̀ pé ti Ìyá ni. Ó dìde fúnra rẹ̀ pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ yẹn, ó gbé e, ó rọra bẹ̀rẹ̀, ó fi í lélẹ̀ lẹ́bàá ojú omi. Mo kàn án mọ́lẹ̀, mo sì fi sìmẹ́ǹtì kún ibi tó ṣófo.

Mademoiselle Aya dé lọ́jọ́ Ẹtì. Ó wo fèrèsé tuntun, ó wo ṣáláńgá tí onílé ti ní kí wọ́n wá fà, ó ní ó dára. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí Ìyá, ẹ̀rín ti ń bọ̀ lójú rẹ̀.

"La Vieille, combien?" Mélòó?

Ìyá fi ètè tọ́ka sí balùwẹ̀. Aya bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, bírò rẹ̀ ń lọ lórí karó bó ṣe lọ lórí bàtà lọ́jọ́sí, ṣùgbọ́n kò pe nọ́ńbà kankan síta, torí ọmọ kúù lòun náà. Ó ní ó ṣe rẹ́gí. Bó ṣe ń nàró ló rí mi nídìí ẹ̀rọ omi, níbi tí mo ti ń fọ irinṣẹ́ mi.

"Et lui?" Èyí ńkọ́?

Mo ti la ẹnu láti sọ pé Riviera ni mò ń gbé.

"Le bleu, c'est pour lui," ni Ìyá wí, pé tèmi ni aláwọ̀ ojú ọ̀run náà, ó sì fi Yorùbá kún un bí ẹni pé Aya ń gbọ́ ọ: "Ọmọ ilé ni."

Mo wo karó aláwọ̀ ojú ọ̀run náà. Mo wo àwọn yòókù. Ọwọ́ mi ló kàn wọ́n mọ́lẹ̀, mo mọ ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kò sì sí ti Ìyá nínú wọn. Mo tún la ẹnu, Ìyá sì wò mí bí àgbà ṣe ń fi ojú pa ọmọ lẹ́nu mọ́ níwájú àlejò. Aya wo Ìyá, ó wo ilẹ̀, ó wo ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́nu ọ̀nà, ó kọ nǹkan rẹ̀. Nígbà tí mo sìn ín jáde, ó rọra sọ Faransé náà kó lè yé mi: kí n bá òun sọ fún La Vieille pé òun náà ò mọ nǹkan kà.

Mo padà wọlé. Mo ní, "Ìyá, tiyín dà?"

"Ẹni tó ń ka ilé kì í ka ara rẹ̀ mọ́ ọn," ó wí, ó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. "Lọ gbé báàgì rẹ wá kí òjò tó dé."

Mo dúró, mo ń retí kó fi Àlejò kún un. Kò fi kún un.

Nígbà tó yá, mo tẹ́ karó kan fún Ìyá sí iwájú ẹnu ọ̀nà rẹ̀, níbi tí àwọn ará ìjọ ń to bàtà sí, níbi tí mérì kì í kà. Àgbélébùú pupa náà ṣì wà lára ògiri, àwọn ọmọ kúù ń gbá bọ́ọ̀lù sí i. Ṣùgbọ́n ní Sátidé, ọjọ́ kejì tí Aya wá gba nọ́ńbà, sìmẹ́ǹtì ò tíì gbẹ lábẹ́ èékánná mi tí mo fi lọ sí kabíìnì, tí ìyá mi sì bi mí ní ìbéèrè rẹ̀. Ṣé ibi tí mo wà gbà mí?

"Ó gbà mí, Màámi."

Ọmọbìnrin kabíìnì ń tọ́ka sí aago, mo jẹ́ kó máa tọ́ka.

"O ò sọ bẹ́ẹ̀ rí," ni ìyá mi wí.